Bí Ẹ Ṣe Lè Mú Dráífà LED àti Dímà Bára Mu Kí Iná Má Baà Máa Ṣẹ́jú

Bí Ojúde Ọba bá ti ń kù sí dẹ̀dẹ̀, tí àwọn ọmọ Ìjẹ̀bú tó wà lẹ́yìn odi bẹ̀rẹ̀ sí í fowó ránṣẹ́ sílé pé kí wọ́n tún pálọ̀ ṣe, ìbéèrè kan náà ni mo máa ń gbọ́: "Ẹ̀gbọ́n, a ra dímà, a ra iná LED, ṣùgbọ́n bí a bá ti yí i wálẹ̀ báyìí, á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú. Ṣé ayédèrú ni wọ́n tà fún wa ni?"

Ó lè jẹ́ ayédèrú lóòótọ́, ọjà wa kò mọ́ tó bẹ́ẹ̀. Àmọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí mo bá tú wò, kò sí àbùkù lára dímà (súìṣì tí à ń yí láti dín ìmọ́lẹ̀ kù), kò sí lára iná. Wọn kò bára mu ni. Ẹni tó ra dímà kò wo dráífà, ẹni tó ra dráífà kò sì mọ̀ pé dímà ń bọ̀.

Dráífà ni àpótí kékeré tó ń sọ iná 230V di èyí tí LED lè lò. Òun gan-an ni dímà ń bá ṣiṣẹ́. LED fúnra rẹ̀ kò mọ dímà rí. Nítorí náà, ẹ yan dráífà kí ẹ tó yan dímà. Níbi tó bá sì ti ṣeé ṣe, ẹ fi iná tó ń wọ dráífà sílẹ̀ bó ṣe wà, kí ẹ wá dín ìmọ́lẹ̀ kù láti ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ máa rí ìdí rẹ̀ bí a bá dé orí jẹnẹrétọ̀ àti ínfátà.

Ẹni tí kò fọwọ́ kan wáyà iná rí, ẹ kà á kí ẹ lè mọ ohun tí ẹ máa bi oníṣẹ́ iná yín. Ẹ má fi ilé yín kọ́ṣẹ́. NEMSA ni àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń fún oníṣẹ́ iná ní ìwé-ẹ̀rí. Kò burú kí ẹ ní kí ó mú tirẹ̀ wá kí ẹ wò ó.

## Irú iná wo ló wà lórí síílíǹgì yín?

Ẹ pa iná, ẹ gun àkàbà, ẹ yọ ọ̀kan wá wò. Ọ̀kan nínú mẹ́ta yìí ni ẹ máa bá níbẹ̀:

- Gílóòbù tó ní dráífà nínú ikùn ara rẹ̀. Họ́lídà lásán la dé e mọ́, wọ́n sì kọ 220–240V sí ìdí rẹ̀. Bí wọn kò bá kọ "dimmable" sí i tàbí sí páálí rẹ̀, ẹ má fi dímà kàn án rárá.
- Panel tàbí spotlight inú POP. Dráífà tirẹ̀ wà lóde, ó fara pamọ́ sórí síílíǹgì. Lára rẹ̀ ni ẹ ti máa rí nǹkan bí "OUTPUT: DC 36–63V, 300mA". Nọ́ńbà mA yẹn, ìyẹn ìwọ̀n kọ́rẹ́ǹtì, ni ẹ má ṣe fi ṣeré.
- LED strip, èyí tí wọ́n ń tẹ́ sínú kòtò POP yípo pálọ̀. 12V tàbí 24V ló ń lò, dráífà kan ló sì ń bọ́ gbogbo rẹ̀.

Ẹ ya fọ́tò ara dráífà kí ẹ tó sọ̀ kalẹ̀. Ohun tí ẹ máa wá nínú fọ́tò náà rèé:

☐ INPUT: ṣé 220–240V nìkan ni, àbí 100–240V? Ní àdúgbò tí iná kì í ga, ẹ mú èyí tí àyè rẹ̀ gbòòrò.
☐ OUTPUT: ṣé V ló dúró lójú kan (12V, 24V), àbí mA (300mA, 350mA, 700mA)?
☐ Ọ̀nà tí a lè gbà dín in kù: TRIAC, trailing edge, 1–10V, PWM tàbí DALI (àṣẹ oní-dígítà); a máa rí mẹ́rin àkọ́kọ́ nísàlẹ̀. Bí kò bá sí ìkankan níbẹ̀, dráífà yẹn kò gba dímà (ti LED strip yàtọ̀, a máa dé orí rẹ̀).
☐ Àmì "tc": ooru tí ara àpótí náà kò gbọ́dọ̀ kọjá.

Ọ̀pọ̀ dráífà tó ń bá panel wá nínú páálí ni kò gba dímà. Ìyẹn kò sọ pé kí ẹ ju panel nù. Ẹ ra dráífà mìíràn tó gba dímà, tí mA rẹ̀ bá ti àkọ́kọ́ mu gẹ́lẹ́, tí fóltéèjì tó ń gbé jáde sì ká ti àkọ́kọ́ mọ́. Bí ẹ bá fẹ́ so ó, ẹ pa iná ná. Bí dráífà onímA bá ti ń ṣiṣẹ́ láìsí LED lẹ́nu rẹ̀, fóltéèjì rẹ̀ á ti gòkè dé òpin. Bí ẹ bá wá ki LED bọ̀ ọ́ lójijì báyẹn, LED náà lè jóná lójú ẹsẹ̀.

## Rẹ́gúlétọ̀ fáànù kì í ṣe dímà

Mo ya èyí sọ́tọ̀ nítorí mo ń bá a pàdé ní Ìjẹ̀bú-Òde, mo ń bá a pàdé ní Ṣàgámù. Ẹni tó ń tajà á gbé rẹ́gúlétọ̀ fáànù kalẹ̀, á ní "ọ̀gá, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe". Irọ́ ni. Èyí tó ní nọ́ńbà 1 dé 5 lójú, kapásítọ̀ ló sábà máa ń wà nínú rẹ̀, mọ́tò fáànù ni wọ́n sì ṣe é fún. Bí fóltéèjì bá ti ń já wálẹ̀ lẹ́nu dráífà LED, dráífà tó dára á kàn máa fa kọ́rẹ́ǹtì sí i ni kí ìmọ́lẹ̀ má baà dín kù. Ó ń gbóná, ìmọ́lẹ̀ kò yí padà. Tó bá yá, á bẹ̀rẹ̀ sí í tàn kó tún máa kú. Owó méjì ni ẹ jù nù yẹn.

## Dímà méjì tó wà lọ́jà

Iná ìjọba tiwa ń lọ, ó ń bọ̀, ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ìyẹn ni pé ó ń kọjá lórí òdo ní ìgbà 100. Dímà tó ń wọ ojú ògiri á máa gé díẹ̀ kúrò nínú ìgbì kọ̀ọ̀kan. Ibi tó ti ń gé e ló yàtọ̀.

Leading edge, tí àwọn oníṣẹ́ iná ń pè ní dímà TRIAC, máa ń gé ìbẹ̀rẹ̀ ìgbì, á wá ṣí iná sílẹ̀ lójijì. Gílóòbù àtijọ́ kò bìkítà. Dráífà LED ní kapásítọ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ìjálù ojijì yẹn ló sì ń mú kí ọ̀pọ̀ wọn máa kùn.

Trailing edge máa ń jẹ́ kí iná bẹ̀rẹ̀ láti òdo wọ́ọ́rọ́wọ́, á wá gé ìparí rẹ̀. Èyí ló bá ọ̀pọ̀ dráífà LED lára mu, kì í sì í pariwo. Ó wọ́n ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹ má fi í sí ara tíráńsífọ́mà onírin tó wúwo, irú èyí tí wọ́n fi ń tan gílóòbù 12V láyé àtijọ́, nítorí fóltéèjì tó máa ta padà lè ba dímà jẹ́.

Ọ̀nà kan wà láti dá wọn mọ̀ láì gbẹ́kẹ̀ lé ọ̀rọ̀ ẹnu ẹni tó ń tajà. Ẹ yí ẹ̀yìn dímà padà, ẹ wá lẹ́tà. R, L ni leading edge. R, C ni trailing edge. R, L, C ni èyí tó lè ṣe méjèèjì. Bí dráífà yín bá ní TRIAC lòun fẹ́, TRIAC ni kí ẹ fún un, ẹ má wò ó pé trailing edge lòde ń yìn.

## Ìṣirò ẹrù: ibi tí iṣẹ́ púpọ̀ ti ń bàjẹ́

Gbogbo èèyàn ló ń wo nọ́ńbà ńlá tó wà lára dímà. Nọ́ńbà kékeré ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Ká ní dímà yín kọ 60–400W, spotlight mẹ́fà sì ni ẹ ní, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn 7W. 6 × 7 jẹ́ 42W. Kò tó 60W. TRIAC dà bí ilẹ̀kùn onísípíríǹgì: bí ẹrù tó tì í mọ́lẹ̀ kò bá wúwo tó, á padà fúnra rẹ̀, á tún ṣí, á tún padà. Ìyẹn ni ṣíṣẹ́jú iná tí ẹ ń rí.

Òkè náà ní ọgbọ́n tirẹ̀. 400W tí wọ́n kọ yẹn, ti gílóòbù àtijọ́ ni. Bí dímà leading edge kò bá kọ iye tirẹ̀ fún LED, ìlànà tí àwa oníṣẹ́ iná ń tẹ̀ lé ni pé kí a pín in sí mẹ́wàá: 400W di 40W. Ìdí ni pé nígbà tí iná bá kọ́kọ́ wọ dráífà, kọ́rẹ́ǹtì tó ń fà lákòókò yẹn ju èyí tó ń lò lẹ́yìn náà lọ fíìfíì. Ẹ ò rí i pé dímà 60–400W kò lè gbé spotlight mẹ́fà yẹn dáadáa, bẹ́ẹ̀ ni kò sí gbólóhùn kankan lára páálí rẹ̀ tó kìlọ̀ fún yín. Èyí tó kọ ti LED lọ́tọ̀, bíi 5–150W LED, ni kí ẹ lọ wá. Bí kò bá sí ní Ìjẹ̀bú-Òde, ẹ ránṣẹ́ sí Alábà ní Èkó, kí ẹ fi fọ́tò dráífà ránṣẹ́ pẹ̀lú rẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ to dímà méjì tàbí mẹ́ta sínú páńpẹ́ẹ̀tì (àpótí súìṣì) kan ṣoṣo lára ògiri, ẹ dín ẹrù ọ̀kọ̀ọ̀kan kù, nítorí wọ́n á máa mú ara wọn gbóná. Ìwé inú páálí ló máa sọ iye tí ẹ máa dín.

## Sísopọ̀ dímà ara ògiri

1. Ẹ pa bréékà iná náà nínú DB (àpótí bréékà ilé). Súìṣì ara ògiri nìkan kò tó. Bí ilé bá ní ínfátà, ẹ pa á pẹ̀lú. Ínfátà kò mọ̀ pé ẹ ń ṣiṣẹ́. Bí iná ìjọba bá ti lọ, òun á gbé tirẹ̀ wọlé lẹ́sẹ̀ kan náà. Jẹnẹrétọ̀ tó ń tan ara rẹ̀ náà ń ṣe bẹ́ẹ̀.
2. Ẹ dán tẹ́sítà wò níbi tí iná wà dájú, ẹ wá fi kan wáyà tí ẹ fẹ́ ṣiṣẹ́ lé lórí, kí ẹ tún padà dán an wò níbi àkọ́kọ́. Tẹ́sítà tó ti kú máa ń sọ pé kò sí iná níbi gbogbo.
3. Ẹ ṣí súìṣì. Ẹ wá wáyà live tó ń wọlé àti èyí tó ń gòkè lọ sórí iná. Nínú ilé àtijọ́ pupa ni live, dúdú ni neutral. Nínú ilé tuntun, búráùn àti búlúù. Ẹ má gba àwọ̀ wáyà gbọ́. Ẹni tó fà á lè jẹ́ pé èyí tó kù nílẹ̀ ló fà.
4. Ẹ fi téèpù sàmì sí méjèèjì kí ẹ tó tú wọn.
5. Live tó ń wọlé lọ sí L. Èyí tó ń lọ sórí iná lọ sí ibi tí wọ́n ya ọfà tàbí tí wọ́n kọ "load". Neutral kì í gba inú dímà oníwáyà méjì kọjá. Tààrà ló ń lọ sí N lára dráífà. Àwọn dímà kan fẹ́ neutral tiwọn, bẹ́ẹ̀ kò sí i nínú ọ̀pọ̀ ihò súìṣì wa. Ẹ wò ó kí ẹ tó ra ọjà, ẹ má jẹ́ kó di pé ẹ ń gbẹ́ ògiri tí wọ́n ti kùn.
6. Bí páńpẹ́ẹ̀tì bá jẹ́ irin, ẹ so earth mọ́ ọn.
7. Ẹ wọn bí ihò ògiri ṣe jìn tó. Ara dímà nípọn ju súìṣì lọ, bí ẹ bá sì fipá tì í wọlé, wáyà tó há sẹ́yìn rẹ̀ ni yóò fi dáná sun yín lọ́jọ́ kan.
8. Ẹ yí dímà dé òkè pátápátá kí ẹ tó gbé bréékà sókè. Ẹ jẹ́ kó tàn fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ wá máa yí i wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀.
9. Ẹ ṣètò ìsàlẹ̀ rẹ̀. Dímà tó dára ní ojú kékeré kan fún sukudiráífà tàbí bọ́tìnì kan fún èyí. Ẹ yí i wálẹ̀ títí iná á fi fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú, ẹ gbé e sókè díẹ̀, ẹ fi í síbẹ̀. Ẹ pa á, ẹ tún tan án láti ibi tó kéré jù yẹn. Bí kò bá tàn lójú ẹsẹ̀, ẹ tún gbé e sókè díẹ̀.

Iná orí àtẹ̀gùn tí súìṣì méjì ń pa ní òkè àti nísàlẹ̀, dímà kan ṣoṣo ló lè gbà. Súìṣì kejì á dúró bó ṣe wà. Ẹ má kó gílóòbù oríṣiríṣi sí abẹ́ dímà kan náà.

## LED strip: ọ̀nà tí mo fẹ́ràn jù

Níbí, dímà kì í fọwọ́ kan iná 230V. Dráífà á gba iná rẹ̀ ní pípé, á gbé 24V jáde, dímà PWM á wá wà láàárín dráífà àti strip. Ohun tí PWM ń ṣe ni pé ó ń tan strip ó sì ń pa á kíákíá débi tí ojú kò fi lè rí i. Bí àkókò tó fi ń tàn bá ṣe kúrú tó ni ìmọ́lẹ̀ ṣe máa rọ̀ tó.

1. Ẹ wọn gígùn kòtò POP. Ẹ wo iye W tí mítà kan strip ń lò lára páálí, 4.8W, 9.6W àti 14.4W ló wọ́pọ̀.
2. Ẹ ṣírò. Mítà 5 × 14.4W jẹ́ 72W. Ẹ fi ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún kún un: ó lé ní 86W díẹ̀. Dráífà 100W ni ẹ máa rà. Ẹ má sọ pé kó lè lágbára kí ẹ ra 300W. Dráífà tó tóbi jù fún ẹrù rẹ̀ máa ń fi iná ṣòfò, pàápàá bí ẹ bá rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀.
3. Ẹ mú 24V, ẹ fi 12V sílẹ̀ bí àyè bá wà. 72W lórí 12V jẹ́ ámpù 6. Lórí 24V, 3 péré ni. Bí dráífà bá jìnnà sí strip ní mítà 10, tí wáyà sì jẹ́ 1.5mm², 12V á pàdánù nǹkan bíi 1.45V lójú ọ̀nà, ìyẹn ju ìdá mẹ́wàá lọ. 24V á pàdánù nǹkan bíi 0.7V, ojú kò ní mọ̀. Ọ̀pọ̀ strip tí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀ tí ìparí rẹ̀ sì pọ́n, wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tàbí gígùn àjù ló fà á.
4. Ẹ ra dímà PWM tí ámpù rẹ̀ ju ti strip lọ. Fún ámpù 3, èyí tó gba 5 tàbí 8 dára.
5. IN + àti IN − láti dráífà; OUT + àti OUT − sí strip. Bí + àti − bá yí padà, strip oníwáyà méjì kò ní tàn.
6. Bí strip bá ju mítà 5 lọ, ẹ má so ọ̀kan mọ́ ìdí èkejì. Láti ibi dráífà ni kí ẹ ti fa wáyà lọ sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, tàbí kí ẹ bọ́ ọ láti orí méjèèjì.
7. Ẹ fi súìṣì lásán sí iwájú dráífà, nítorí bí dímà bá wà lórí òdo, dráífà ṣì ń fa iná díẹ̀.
8. Ẹ má sin dráífà sínú POP. Páànù wa máa ń gbóná lọ́sàn-án, ooru yẹn sì wà lórí síílíǹgì. Ẹ gbé e síbi tí afẹ́fẹ́ ti lè fẹ́ sí i, tí ọwọ́ sì lè dé.

Ẹ wá gbé fóònù, ẹ ṣí fídíò, ẹ kọjú kámẹ́rà sí strip tí ẹ ti rẹ̀ sílẹ̀. Bí ìlà dúdú bá ń gòkè tó ń sọ̀ lórí fóònù, ìtànkúkú PWM yẹn kò yára tó. Ẹni tó bá ń ṣe gbọ̀ngàn àríyá ní Ìjẹ̀bú kò gbọ́dọ̀ fojú fo èyí. Àwọn àlejò lè má rí nǹkan kan, ṣùgbọ́n ìyàwó á jókòó wo fídíò rẹ̀, á bá ìlà dúdú tó ń gba ojú gèlè rẹ̀ kọjá, oníkámẹ́rà ni wọ́n á sì dá lẹ́bi. Lọ́wọ́ òǹtajà, ẹ béèrè dímà tí PWM rẹ̀ ju 1kHz lọ.

Ohun kan tó máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu: ojú wa kì í ka ìmọ́lẹ̀ bí mítà ṣe ń kà á. Bí mítà bá ní ìmọ́lẹ̀ ti wálẹ̀ dé ìdá kan nínú mẹ́rin, ojú á rí i bí ìdajì. Strip 72W yẹn, bí ẹ bá rẹ̀ ẹ́ dé ibi tó dà bí ìdajì lójú, nǹkan bíi 18W ló ń lò, pẹ̀lú ìwọ̀nba tí dráífà ń jẹ. Fún wákàtí márùn-ún, 90Wh dípò 360Wh. Ẹni tó ń lo bátìrì mọ ohun tí ìyẹn jẹ́.

## Fún gbọ̀ngàn, ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí: 1–10V

Bí iná bá pọ̀ lábẹ́ òrùlé kan, dímà ara ògiri kò ní gbé e. Ẹ ra dráífà 1–10V. Wáyà méjì tẹ́ẹ́rẹ́ ló ń gbé àṣẹ lọ sí dráífà, iná 230V sì ń gba ọ̀nà tirẹ̀. Ẹ má fi + sí ojú −, ẹ má sì ki wáyà àṣẹ yẹn sínú páìpù kan náà pẹ̀lú 230V.

Ìdánwò rẹ̀ rọrùn: ẹ tú wáyà àṣẹ méjèèjì sílẹ̀, iná gbọ́dọ̀ tàn dé òkè. Ẹ so àwọn méjèèjì pọ̀ mọ́ra, ó gbọ́dọ̀ wálẹ̀ dé ìsàlẹ̀. Bí ó bá ṣe méjèèjì, dráífà kò ní ẹ̀sùn, ẹ lọ wo dímà. 1V kì í pa iná, nítorí náà súìṣì iná gbọ́dọ̀ wà lọ́tọ̀.

## Jẹnẹrétọ̀ àti ínfátà

Iná ìjọba ní òwúrọ̀, ínfátà ní ọ̀sán, jẹnẹrétọ̀ lálẹ́: bí ọ̀pọ̀ ilé wa ṣe ń lo iná nìyí, ìwé inú páálí dímà kò sì sọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Jẹnẹrétọ̀ kékeré kì í dúró sójú kan lórí 50Hz. Bí fíríìjì bá ti dìde, á rẹ̀ díẹ̀, á tún gbéra. Dímà tó ń ka ìgbì láti mọ ibi tó máa gé á ṣi ìṣirò rẹ̀, iná á sì ṣẹ́jú. Ínfátà tí kì í ṣe pure sine wave tún burú jù: ìgbì rẹ̀ ní igun gígún, dímà ojú ògiri kò mọ ibi tí òdo wà. Á máa kùn, á máa gbóná, nígbà mìíràn òun tàbí dráífà á kú pátápátá. Bí irú ínfátà yẹn ni ẹ ní, ẹ yí dímà dé òkè kí ẹ fi í síbẹ̀ títí iná ìjọba á fi dé, tàbí kí ẹ yọ ọ́ kúrò, kí ẹ dá súìṣì padà.

Dráífà strip tó gba 100–240V kì í dààmú báyẹn. Ohunkóhun tó bá wọ inú rẹ̀ láàárín àyè yẹn, 24V náà ló máa gbé jáde, dímà PWM lẹ́yìn rẹ̀ kò ní mọ̀ pé nǹkan ti yí padà. Ìdí tí mo fi ń sọ pé ẹ̀yìn dráífà ni kí ẹ ti dín iná kù nìyẹn.

## Bí ó bá ń ṣe báyìí, ohun tí ẹ máa wò

Ó ń ṣẹ́jú bí ẹ bá yí i wálẹ̀. Ẹ wá gílóòbù àtijọ́ 60W kan, irú èyí tí àwọn tó ń sin adìyẹ fi ń mú ọmọ adìyẹ móoru. Ẹ so ó mọ́ iná kan náà lábẹ́ dímà. Bí iná bá dáwọ́ ṣíṣẹ́jú dúró, ẹrù ló kéré jù: ẹ pààrọ̀ dímà sí èyí tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ wálẹ̀, tàbí kí ẹ ra bypass fún LED (ohun kékeré tó ń fi ẹrù díẹ̀ kún ti dímà) kí ẹ so ó mọ́ ẹnu dráífà kan. Bí kò bá dúró, irú dímà náà kò bá dráífà mu. Gílóòbù àtijọ́ yẹn wà fún ìdánwò nìkan. Bí ẹ bá fi sílẹ̀ síbẹ̀, ẹ ti fi 60W ra ìsinmi fún 42W.

Ó ń ṣẹ́jú lókè, ó ń ṣẹ́jú nísàlẹ̀. Ẹ fi dímà sílẹ̀ ná. Ẹ wo ojú ìsopọ̀ wáyà tó tú, ẹ wọn fóltéèjì tó ń wọlé. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ fura sí dráífà tó ti gbó.

Iná pa, ṣùgbọ́n kò kú tán. Ẹ kọ́kọ́ rí i dájú pé live ni súìṣì ń gé, kì í ṣe neutral. Bí neutral bá ni, iná ṣì wà nínú họ́lídà nígbà tí ẹ rò pé ẹ ti pa á, ó lè gbé ẹni tó bá ń pààrọ̀ gílóòbù. Ẹ tún un ṣe lọ́jọ́ náà. Bí live bá ni, ìwọ̀nba kọ́rẹ́ǹtì tó ń jò gba inú dímà tàbí iná kékeré ojú súìṣì ló ń tan án. Bypass á yanjú rẹ̀.

Ó ń kùn. Ẹ fetí sí i: ṣé ògiri ni àbí òkè? Bí òkè bá ni, ẹ fi trailing edge rọ́pò leading edge bí dráífà bá gbà á. Bí ògiri bá ni, tí dímà sì gbóná débi tí ọwọ́ kò gbà á, ẹ pa á, ẹrù ti pọ̀ jù.

Bréékà ń já nígbà tí ẹ bá tan án, lẹ́yìn náà kò ní já mọ́. Dráífà púpọ̀ ló ń fa iná wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ pín wọn sí súìṣì méjì, tàbí kí oníṣẹ́ iná fi bréékà type C, èyí tó ń fara da ìfàwọlé ojijì jù, rọ́pò type B. Ẹ má fi èyí tí ámpù rẹ̀ ga ju agbára wáyà lọ síbẹ̀.

Iná wálẹ̀ ṣùgbọ́n kò pọ́n bíi ti gílóòbù àtijọ́. Kò sí ohun tó bàjẹ́. LED ń rọ̀ láì yí àwọ̀ padà, àyàfi èyí tí wọ́n kọ "dim to warm" sí lára.

## Bí dímà kò bá pọn dandan

Kí n sòótọ́, pálọ̀ púpọ̀ kò nílò rẹ̀. Ẹ pín iná POP sí ọ̀nà méjì tàbí mẹ́ta, kí súìṣì kọ̀ọ̀kan máa pa tirẹ̀: spotlight lọ́tọ̀, strip lọ́tọ̀, iná àárín lọ́tọ̀. Kí wọ́n tó lẹ POP ni kí ẹ ti sọ fún oníṣẹ́ iná, nítorí wáyà kan ṣoṣo ló máa fà bí ẹ kò bá sọ̀rọ̀.

Gílóòbù kan tún wà tó ń yí ìmọ́lẹ̀ padà bí ẹ bá pa súìṣì lásán tí ẹ sì tún tan án kíákíá. Ó sábà máa ń ní ipele mẹ́ta. Ó bá yàrá ìyá àgbà mu, ẹni tí kò fẹ́ máa yí nǹkan kiri ní òru.

Gílóòbù Wi-Fi tí fóònù ń darí kò nílò dímà mìíràn. Ẹ má fi í sí abẹ́ dímà ara ògiri láéláé, bí ẹ tilẹ̀ fẹ́ fi í sórí òkè pátápátá kí ẹ gbàgbé rẹ̀; ọmọ kan á yí i lọ́jọ́ kan. Súìṣì lásán ni kí ẹ fi síbẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kó wà ní títàn.